Òkúta Tó Bọ́ Sínú Ìkòkò Omi Ìyá Mi

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ooru, ẹ kú ìtọ́jú ilé, ẹ kú àtìgbà tí a ti fojú kan ara wa gbẹ̀yìn. Èmi Àkànní ni mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti Èkó níbí, nítorí bó ti wù kí inú bí ọmọ tó, bàbá kì í di ẹgbẹ́ ẹni. Mo kí Ìyáálé ilé. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, mo gbọ́ pé oko kòkó rẹ̀ ti ń so. Mo kí àbúrò mi obìnrin tó bí ìbejì, kí Ọlọ́run bá a wò wọ́n. Mo kí àwọn ará ilé kejì, mo kí àwọn tó ń lọ odò àti àwọn tó ń ti odò bọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni mi ò kí. Ṣàngódélé, Mọ́gbà, olórí àwọn oníṣàngó abúlé wa, tí wọ́n bá ń ka ìkíni yìí, má ṣe dáhùn, kò kàn ọ́.

Bàbá, mo mọ ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ sọ. Ẹ máa ní ilé la ti ń jẹ èkúté onídodo, kí ló gbé ọ̀rọ̀ ilé dé inú ìwé ìròyìn tí Èkó àti Ìbàdàn jọ ń kà? Ẹ máa bínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bínú dáadáa. Ṣé inú yàrá ni wọ́n ti pe ìyá mi ní òpùrọ́? Gbangba ni, lójú tẹrútọmọ, gbangba náà ni mo sì fẹ́ kí wọ́n ti gbọ́ èsì. Mo ti kọ̀wé sí tíṣà tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Mọníyà, mo bẹ̀ ẹ́ pé tí ìwé ìròyìn yìí bá dé, kó gbé e lọ sí ọjà Akínyẹlé nígbà tí ọjà bá kún, kó kà á sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó má fo ìlà kan. Ó dáhùn pé òun ò fẹ́ ìjà. Mo tún kọ̀wé pé kì í ṣe ìjà, lẹ́tà sí bàbá mi ni. Ó gbà. Mo ti ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi pé kó gbé àpótí ìjókòó yín lọ síbẹ̀, kí ẹ lè rí ibi jókòó gbọ́ ọ.

Ẹ̀yin ará ọjà, ẹ máa gbọ́ pé ìwọ ni mò ń pe Ṣàngódélé, bẹ́ẹ̀ ó ju bàbá mi lọ lọ́jọ́ orí. Ẹ má sọ pé wọn ò kọ́ mi nílé. Wọ́n kọ́ mi. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Bàbá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn iṣẹ́ mi, torí mo gbọ́ pé àwọn kan ń sọ fún yín pé òkúta ni mò ń fọ́ sójú títì bí ẹlẹ́wọ̀n. Irọ́ ni. Ọ́fíìsì kan ni mo wà, níbi tí àwọn òyìnbó tó ń wá ohun inú ilẹ̀ kiri ń kó òkúta wá láti ibi gbogbo. Ẹrù òkúta ni mo kọ́kọ́ ń rù láti ìdí ọkọ̀ ojú irin. Nígbà tó ṣe, ọ̀gá mi rí i pé ọwọ́ mi dúró, ó fi mí sídìí ayùn. Iṣẹ́ mi báyìí ni kí n gé òkúta pẹlẹbẹ, kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì, kí n máa fi yanrìn líle àti omi lọ̀ ọ́ lórí irin, títí á fi fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà tí ìmọ́lẹ̀ á máa gba inú rẹ̀ kọjá. Tí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́ jù, ó fọ́ nìyẹn, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ti wọgbó. Ọ̀gá mi á wá gbé e sábẹ́ awò kan tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, á sì sọ irú òkúta tó jẹ́. Ó ti lé ní ọdún mẹ́fà tí mo ti ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èmi náà ti ń wo inú awò yẹn tipẹ́. Mo mọ òkúta bí ẹ ṣe mọ iṣu.

Èkó kò rọrùn fún ará oko. Tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, kì í dá, aṣọ kì í gbẹ tán, afẹ́fẹ́ òkun sì ń jẹ irin títí kan ìṣó ara ilẹ̀kùn. Èmi àti káfíńtà kan tó jẹ́ ará Abẹ́òkúta la jọ ń gbé yàrá. Èèyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n ohùn mi ló máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ọmọ Ìbàdàn ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń lé ewúrẹ́. Lọ́jọ́ ìsinmi, mi ò ní ilé ẹnì kankan tí mo lè yà sí. Mo máa ń jókòó síwájú ilé, mo máa ń rántí òórùn èlùbọ́ tó ń gbẹ lórí àpáta wa, omi á lé sí mi lójú. Ní ti owó, ẹ ti ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì pé Àkànní kò rántí ilé. Mo rántí. Lálúpọn ni owó mi ń lọ, lọ́dọ̀ ẹni tí ẹ lé jáde, ẹ ò sì ní rí kọ́bọ̀ nínú rẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí ọjọ́ náà, kí àwọn tí kò sí níbẹ̀ lè mọ ohun tí mò ń bá bọ̀.

Àárín ọ̀gbẹlẹ̀ ni. Ọyẹ́ ti gbẹ gbogbo ewé, ojú ọ̀run mọ́ kedere, kò sí ìkùukùu kan. Ìyá mi ń sá èlùbọ́ lórí àpáta ẹ̀yìn abà wa, èmi ń tún ọgbà ṣe, ẹ̀yin ń gbọ́n èèkù ọkọ́ lábẹ́ igi. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ àtàrí. A gbọ́ ìró bí ìbọn lókè, ó dún lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́yìn náà a gbọ́ ìró bí ẹni ń yí odó lórí àpáta, ó ń bọ̀, ó ń bọ̀. Gbàmù! Ó lu òrùlé abà, ó wọlé. Nígbà tí eruku rọlẹ̀, ihò wà nínú òrùlé, ihò wà nínú ilẹ̀ lẹ́bàá ààrò, ọ̀kan nínú àwọn òkúta ààrò sì ti là sí méjì. Mo fẹ́ wọlé lọ wò ó. Ẹ fa aṣọ mi sẹ́yìn.

Ohun tí gbogbo èèyàn ń ṣe nílẹ̀ wa lẹ ṣe. Ilé tí àrá bá jà sí, onílé kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́ mọ́, kò gbọdọ̀ mú abẹ́rẹ́ níbẹ̀, àfi kí àwọn oníṣàngó dé, kí wọ́n tu ilẹ̀, kí wọ́n yọ ẹdùn àrá, kí wọ́n sọ ẹ̀ṣẹ̀ tó fà á, kí wọ́n sì gba ohun ètùtù. Ẹ ránṣẹ́ sí Ṣàngódélé. Ó dé tòun tàwọn èèyàn rẹ̀, wọ́n kó ewúrẹ́ wa, wọ́n kó adìẹ, wọ́n kó aṣọ inú àpótí. Ó ta aṣọ sẹ́nu ọ̀nà, òun nìkan ló wọlé. Ó ní kí wọ́n kó gbogbo erùpẹ̀ tí òun tú lẹ́bàá ààrò sínú agbọ̀n, kí wọ́n lọ dà á sódò. Nígbà tó jáde, ó gbé ẹdùn àrá sókè, ó ń dán, ẹnu rẹ̀ mú bí ẹnu àáké. Gbogbo wa dojúbolẹ̀.

Ó wá sọ ẹ̀ṣẹ̀. Ó ní Ṣàngó kò fẹ́ èké, Ṣàngó kò fẹ́ òpùrọ́, òpùrọ́ kan sì wà nínú abà yìí. Ó na ọ̀pá sí ìyá mi.

Irọ́ wo ni ìyá mi pa? Ẹ̀yin ará Akínyẹlé, ẹ má ṣe bí ẹni pé ẹ ti gbàgbé. Kò tíì pé oṣù kan ṣáájú ọjọ́ náà tí àgùntàn Ṣàngódélé wá jẹ èlùbọ́ ìyá mi lórí àpáta. Ó jẹ ẹ́ yó, ó tún tẹ èyí tó kù mọ́lẹ̀. Ìyá mi dè é. Ṣàngódélé ní irọ́ ni, àgùntàn òun kì í rìn dé ibẹ̀. Ìyá mi ò jiyàn, wọ́n fa àgùntàn náà wá sójú ọjà, ègé èlùbọ́ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ tó ń rún un wómúwómú. Ọjà rẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń di ìhà mú. Odindi Mọ́gbà bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó tú àgùntàn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ni kò lè gbé mì. Ó wá fi orúkọ Ṣàngó gbẹ̀san èlùbọ́. Irú èèyàn wo nìyẹn?

Bàbá, ẹ pe ìyá mi síta lójú gbogbo ilé, ẹ ní kí wọ́n máa lọ sílé bàbá wọn ní Lálúpọn, kí wọ́n má bàa fa àrá lé àwọn yòókù lórí. Nínú gbogbo ẹrù wọn, ìkòkò omi ògbólógbòó kan ni àwọn oníṣàngó fi sílẹ̀. Nígbà tí ìyá mi da omi inú rẹ̀ nù kí wọ́n lè gbé e, òkúta kan yí jáde, ó tó ẹyin pẹ́pẹ́yẹ, ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ dúdú, ẹ̀gbẹ́ kejì funfun bí eérú. Ìyá mi gbé e wá bá yín. Wọ́n ní ohun tó já bọ́ ló fọ́ lára òkúta ààrò, tí ègé rẹ̀ ta sínú ìkòkò, wọ́n ní kì í ṣe ohun tí Mọ́gbà gbé jáde ló wọlé wa. Ẹ ní kí wọ́n jù ú nù kí ọ̀ràn má di méjì. Wọn ò jù ú nù. Wọ́n dì í mọ́ ìṣẹ́po aṣọ, wọ́n gbé ìkòkò lérí, wọ́n lọ.

Nígbà tí wọ́n dé Lálúpọn, ọ̀rọ̀ ti ṣáájú wọn débẹ̀. Òpùrọ́ Àrá ni àwọn ọmọdé ń pè wọ́n. Wọ́n gbé igbá èlùbọ́ lọ sọ́jà, ó wà nílẹ̀ láti òwúrọ̀ dìrọ̀lẹ́, kò sẹ́ni tó bèèrè iye. Ta ló máa ra èlùbọ́ lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ní Ṣàngó pè ní òpùrọ́, tó máa gbà gbọ́ pé kò da láfún mọ́ ọn? Ọdún méjì kọjá kí ẹnikẹ́ni tó ná ọjà lọ́wọ́ wọn. Títí di òní, tí ìjà àwọn obìnrin bá ṣẹlẹ̀, orúkọ yẹn ni wọ́n ń ju lù wọ́n. Bàbá, orúkọ ìyá mi ni mò ń wá. Mi ò wá ewúrẹ́, mi ò wá aṣọ. Orúkọ ni.

Ní ọdún tó kọjá, wọ́n gbé òkúta kan wá sí ọ́fíìsì wa láti Òkè Ọya. Inú ọ̀gá mi dùn débi pé ó gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán. Ó ní àwọn òkúta kan wà tó ń ti ojú ọ̀run já bọ́, tí kò kan òjò, tí kò kan àrá, pé wọ́n ń já bọ́ nílùú tiwọn náà. Ó ní oríṣi mẹ́ta ni wọ́n: àwọn kan jẹ́ kìkì irin, àwọn kan jẹ́ irin àti òkúta tó lọ́ mọ́ra, àwọn tó pọ̀ jù sì jẹ́ òkúta. Ó yí èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ padà, ó fi hàn mí. Awọ dúdú, inú bí eérú. Mo rántí òkúta ìyá mi. Mo tọrọ ààyè, mo wọ ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn, mo fẹsẹ̀ rìn dé Lálúpọn.

Ìyá mi ò fẹ́ fún mi. Wọ́n ní òkúta yẹn ni ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí àwọn ní láyé, tí òyìnbó bá gbé e sá lọ ńkọ́? Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní kí la fẹ́ fi ẹlẹ́rìí tí kò lè sọ̀rọ̀ ṣe, ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó gbọ́ èdè rẹ̀. Wọ́n tú ìṣẹ́po aṣọ, wọ́n ní igun rẹ̀ nìkan ni kí n gé, kí n sì fi ọwọ́ ara mi gé e. Ọwọ́ ara mi ni mo fi gé e.

Ẹ gbọ́ ohun tí ẹlẹ́rìí náà sọ. Ó wúwo ju bó ti tóbi lọ. Awọ dúdú ara rẹ̀ kò nípọn ju èékánná lọ, torí iná tó jó o lójú ọ̀nà ló yọ́ ara òde rẹ̀ nìkan, kò gbóná dénú. Lára awọ náà, ó ní kòtò wẹ́wẹ́ bí ibi tí amọ̀kòkò ti fi ìka tẹ amọ̀ tútù. Mo gbé òòfà sún mọ́ ọn, ìyẹn irin tó ń fa irin, ó fò mọ́ ọn. Níbi tí mo gé, irin wẹ́wẹ́ ń tàn yinrinyinrin, àwọn hóró róbótó sì wà káàkiri inú rẹ̀ tí wọn ò ju hóró ọkà bàbà lọ. Ọ̀gá mi ní kò sí òkúta ilẹ̀ ayé kankan tó ní irú hóró yẹn. Nígbà tí mo lọ̀ ọ́ tó fẹ́lẹ́ tán, tí a gbé e sábẹ́ awò, hóró kan ní ìlà tó là jáde bí egungun abẹ̀bẹ̀, òmíràn ní ìlà tó tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àwọ̀ rẹ̀ sì ń yí bí a ṣe ń yí gíláàsì, àwọ̀ ìyeyè, àwọ̀ aró, àwọ̀ osùn. Èròjà méjì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀: ọ̀kan ní àwọ̀ ewé gbígbẹ, ó sán káàkiri láìtẹ̀lé ìlà, ìkejì ń là tààrà lójú ìlà. Ọ̀gá mi wá ń yà á sọ́tọ̀ bí ìyá mi ṣe ń ṣa èlùbọ́. Òkúta ni, kì í ṣe irin. Nínú àwọn òkúta, oníhóró ni. Nínú àwọn oníhóró, irin tirẹ̀ mọ níwọ̀n, etí àwọn hóró rẹ̀ sì ti fẹ́ máa wọnú ara, èyí tó fi hàn pé ó ti gbóná rí tipẹ́tipẹ́ kó tó kúrò níbi tó ti wá. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ńlá. Ó bi mí pé níbo ló ti já bọ́, mo ní nínú abà ìyá mi lẹ́yìn Akínyẹlé, ó sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣàngódélé, ìwé yẹn wà níbẹ̀. Omi odò kankan kò lè fọ̀ ọ́.

Mo tún bèèrè nípa ẹdùn àrá. Ọ̀gá mi ní àpótí kan tó kún fún wọn, tí wọ́n ti ṣà kiri oko ilẹ̀ wa. Mo gé ọ̀kan. Kò ní awọ dúdú. Òòfà kò kà á sí. Kò ní hóró róbótó kan, àwọn okùn àwọ̀ ewé gígùn ló lọ́ mọ́ra wọn nínú rẹ̀, òkúta ilẹ̀ ni. Ara rẹ̀ tó ń dán yẹn, mo gbé awò sí i, mo rí ìlà wẹ́wẹ́ tó sá lọ síbì kan náà. Ẹ̀yin èèyàn mi, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni kí n máa lọ òkúta. Mo mọ àmì ọwọ́ ẹni tó lọ òkúta nígbà tí mo bá rí i. Èèyàn ló lọ̀ ọ́, àwọn tó wà ṣáájú ká tó mọ irin, wọ́n fi ń gégi.

Kẹ́nikẹ́ni má sọ pé mò ń bá Ṣàngó jà. Ilé oníṣàngó ni wọ́n bí mi sí, mo ṣì ń wólẹ̀ tí àrá bá sán. Ẹni tó fi orúkọ Ṣàngó purọ́ ni mò ń bá jà, Ṣàngó fúnra rẹ̀ ni yóò sì bá mi parí rẹ̀.

Ṣàngódélé, o gbọ́ bí? Ohun tó ti ọ̀run wá wà ní iwájú rẹ nínú abà wa lọ́jọ́ náà. Torí kò jọ àáké, o rò pé kò já mọ́ nǹkan kan, o ní kí wọ́n dà á sódò pẹ̀lú erùpẹ̀, o wá gbé ohun tó ti inú ilẹ̀ jáde fún wa pé ọ̀run ló ti wá. Mo ti fi òòfà kan àti ègé òkúta ìyá mi ránṣẹ́ sí tíṣà, wọ́n wà nínú àpò rẹ̀ bó ṣe ń kàwé yìí. Lọ gbé ẹdùn àrá rẹ wá láti orí odó Ṣàngó tó wà. Kí wọ́n fi òòfà kan tìyá mi, kí wọ́n fi kan tìrẹ, lójú ọjà. Tí o bá kọ̀, kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Tí o bá gbé e wá, kí wọ́n rẹ́rìn-ín jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fẹ́ kí ẹ̀rín náà tẹ̀ lé ọ wọ ilé, kó bá ọ jókòó ti oúnjẹ, kí àwọn ọmọ ọmọ rẹ máa gbọ́ ọ. Èyí tí ìyá mi jẹ, ìwọ náà á jẹ ẹ́.

Bàbá, ẹ má tíì dìde. Ó ku tiyín.

Lọ́jọ́ tí mò ń lọ sí Lálúpọn, mo kọ́kọ́ gba Akínyẹlé. Mi ò yà kí yín. Ilé Ṣàngódélé ni mo wọ̀, mo mú orógbó dání bí àlejò. Irùngbọ̀n mi àti bàtà ẹsẹ̀ mi kò jẹ́ kó dá mi mọ̀. Ó jókòó, ó ń fọ́nnu, ó ròyìn obìnrin òpùrọ́ kan tí òun tú àṣírí rẹ̀, ó sì gbé ẹdùn àrá náà lé mi lọ́wọ́ kí n fi súre. Àtàǹpàkò mi ń lọ létí ẹnu ẹdùn àrá náà bó ti mọ́ ọn lára láti ìdí iṣẹ́. Ó dúró lójijì. Ẹnu àáké náà já níbì kan, ibi tó já náà kò gbó bí ara yòókù, ìpẹtà irin sì wà nínú rẹ̀. Irin ló gé e, kò sì pẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti rántí. Ọdún tó ṣáájú kí òkúta tó já, èmi àti ẹ̀yin ń kọ ebè lóko jíjìn. Ọkọ́ yín dún gbàgà. Ẹ tẹ̀ ba, ẹ yọ ẹdùn àrá kan jáde, ẹ fi ibi tí ọkọ́ yín ti bù ú jẹ hàn mí, ẹ rẹ́rìn-ín pé alágbẹ̀dẹ ti rí iṣẹ́. Ẹ gbé e lọ fún Ṣàngódélé bó ṣe yẹ, òun náà sì fún wa ní orógbó.

Ṣé ẹ rántí ohun tó tẹ̀ lé e? Lọ́jọ́ tó na ọ̀pá sí ìyá mi, ẹ̀yin ló kọ́kọ́ gbé ẹdùn àrá náà lé lọ́wọ́, pé kí ẹ wò ó kí ẹ jẹ́rìí níwájú gbogbo èèyàn. Mo dojúbolẹ̀, ṣùgbọ́n mo yọjú. Mo rí àtàǹpàkò yín. Ó lọ létí ẹnu àáké náà, ó lọ, ó dúró. Ẹ la ẹnu. Ẹ pa á dé. Lẹ́yìn náà lẹ ní ẹdùn àrá ni, Ṣàngó ṣeun.

Bàbá, ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ mọ àmì ọkọ́ ọwọ́ ara yín. Ẹ mọ̀ pé inú ebè yín ló ti wá, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n fi lé ìyàwó yín jáde.

Mo ti rò ó lọ, mo ti rò ó bọ̀. Ẹ̀rù bà yín, mo gbà. Àwọn tó kó ewúrẹ́ lè dáná sun ilé, wọ́n lè ní bàbá náà bá ìyá mọ̀ ọ́n pọ̀. Èmi náà dákẹ́. Mo rí i tí ìka yín dúró, mo dàgbà tó ẹni tó ń béèrè, mi ò béèrè. Dípò kí n tẹ̀ lé ìyá mi dé Lálúpọn, Èkó ni mo sá lọ. Ṣùgbọ́n èmi ti dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ìyá mi, mo ti jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́?

Nígbà tí mo sọ ti àtàǹpàkò yẹn fún ìyá mi, mo rò pé wọ́n máa ké. Wọ́n kàn ń ṣa èlùbọ́ wọn lọ. Lẹ́yìn náà wọ́n ní àwọn ti mọ̀ láti ọjọ́ náà. Wọ́n ní àwọn náà rí ìka yín nígbà tó dúró, obìnrin tó ti ń gbé oúnjẹ lé ọwọ́ kan láti ìgbà èwe kì í ṣì í mọ̀. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò fi pariwo níjọ́ náà. Wọ́n ní bí àwọn bá pariwo, ẹ̀yin ni Ṣàngódélé ìbá yíjú sí, ẹ̀yin ni wọn ìbá pè ní òpùrọ́, ara yín kò sì lè gba orúkọ yẹn bí ara tàwọn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé ìkòkò lérí, tí wọ́n lọ.

Bàbá, mi ò mọ ohun tí ẹ máa fi èyí ṣe. Èmi ò lè sùn dáadáa láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ọ.

Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ yín kò pọ̀. Ẹ dìde, ẹ lọ sí Lálúpọn lọ́jọ́ ọjà, ẹ dúró nídìí igbá èlùbọ́ ìyá mi, ẹ sọ ọ́ sókè kí àwọn ará ọjà gbọ́ pé ẹ̀yin lẹ purọ́, ìyá mi kò purọ́. Ẹ má rán ẹnikẹ́ni, ẹ má gbé ẹran lọ, ẹ má lọ bẹ mọ̀lẹ́bí wọn nínú yàrá. Títí ẹ ó fi ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò ní tẹ ẹnu ọ̀nà yín. Tí ẹ bá kú kí ẹ tó ṣe é, n ó wá sin yín bí ọmọ ṣe ń sin bàbá, ṣùgbọ́n n ó sọ ọ́ létí ibojì.

Ìyá mi ní kí n má kọ lẹ́tà yìí. Wọ́n ní bàbá ẹni ni bàbá ẹni, wọ́n ní tí ẹ bá dé Lálúpọn, àwọn á bu omi tútù fún yín mu kí ẹ tó sọ ohunkóhun. Tó bá jẹ́ èmi ni, òùngbẹ lẹ máa gbé padà sílé.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, lọ́mọdé lágbà. Kí Olódùmarè dá ẹ̀mí yín sí fún mi. Kí ó má jẹ́ kí etí yín di, kí ó má jẹ́ kí ohùn yín há, kí ó sì fún ẹsẹ̀ yín lágbára tó máa gbé yín dé Lálúpọn.

Èmi ni, Àkànní, ọmọ yín.